Eyín Orí Òrùlé

Láàárín ọdún mẹ́fà tí Shukurat lò ní ilé iṣẹ́ ìdérí ìkòkò kan lẹ́yìn Àgídìngbì, ìka mọ́kànlá ni ẹ̀rọ jẹ níbẹ̀. Orí ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì tirẹ̀ wà lára wọn. Ó mọ iye wọn nítorí pé òun ló ń gbálẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ. Kò sí ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sí. Bí ìka bá já, wọn á da iyẹ̀pẹ̀ sórí ẹ̀jẹ̀, wọn á fi àkísà we ọwọ́ ẹni náà, wọn á gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ẹlòmíràn á sì jókòó sórí àpótí rẹ̀ kí àpótí náà tó tutù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀rílé Agége ni wọ́n bí i sí, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó bá ìjọ aláṣọ funfun kan pín ògiri. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, onílù ìjọ náà gba ìyàwó oníyàwó, ó sì bá a sá lọ sí Kútọnu. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, orin ìjọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Shukurat gbọ́ ọ títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó jókòó sídìí ìlù, ó sì gbá a. Àwọn aláṣọ funfun wo híjáàbù orí rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ń jó lọ.

Wáyà iná ni bàbá rẹ̀ fi pàdé rẹ̀ nílé.

"Ọmọ tí mo fi sí ilé kéú! Kérúbù lò ń lùlù fún?"

Shukurat ka wáyà náà: mẹ́rìnlélógún. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé ojú sókè. Ní Ìsinmi kejì, ọmọ náà tún gba ojú fèrèsé yẹn wọlé, ó sì lùlù títí ojú egbò ẹ̀yìn rẹ̀ fi là, tí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ohun méjì ló kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìkíní ni pé ara ènìyàn lágbára ju bí wọ́n ti ń wí lọ. Ìkejì ni pé ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ń gbọ́.

Ìdí ìlù yìí ni Gbénró ti rí i nígbà tí Shukurat dàgbà. Gbénró fi ọdún márùn-ún kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, ó jáde, kò ríṣẹ́, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní lẹ́sìnnì ní Maryland. Gìtá ló ń ta, aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè ló sì máa ń wọ̀ sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kẹta wọn ni Fikáyọ̀, tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Awò dúdú àwọn wẹ́dà ló ń dé sójú bó bá ń ta á, nítorí náà kì í rí okùn rẹ̀ rárá. Shukurat ní tirẹ̀ máa ń dé ìbòtí ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dènà ariwo ẹ̀rọ, lé híjáàbù. Àwọn ìdérí tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́, tí etí wọn wọ́, ló so yí ìlù rẹ̀ ká dípò àwo idẹ. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, ládùúgbò tó jẹ́ pé fújì ló ń jí àkùkọ: orin aáyán tó gba físà, orin ọkùnrin tó fi fíríìjì ṣaya. Lándílọ́ọ̀dù Gbénró ní ẹ̀fọ́rí ni wọ́n ń pín kiri. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ẹ̀fọ́rí.

Ní ilé ọtí kan ní Ìfàkò, ọkùnrin kan ju ìgò lu Gbénró níbi tó ti ń kọ orin fíríìjì. Ìgò náà fọ́ sí iwájú orí rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ariwo náà dákẹ́ ni, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ di orí Gbénró lọ́wọ́ níta nígbà tí àwọn ọmọdé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ti ń jó lẹ́yìn fẹ́ǹsì, yí wọn ká.

"Bùrọ̀dá Aṣọ-òjò, ẹ kọ aáyán!"

"Ẹ ò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí wọn ni?" Fikáyọ̀ jágbe mọ́ wọn.

"A rí i. Ẹ kọ aáyán!"

Gbénró kọ aáyán. Ojú abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán iwájú orí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń rán an ló ń sọ̀rọ̀. "Àwọn tó fẹ́ràn wa ti dé. Wọn ò kàn tíì ga tó fẹ́ǹsì ni. Àwo orin ọmọdé la máa ṣe."

Ibi tí wọn yóò ti ṣe é ni kò sí. Nùréènì, fóómaànù Shukurat, ló yọ wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa lo yàrá tí wọ́n ń kó ìdérí sí ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó fẹ́ kò ju kí Fatimah, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje, wà nínú àwọn tó máa kọrin. Ẹni tó bá mọ Nùréènì níbi iṣẹ́ nìkan kò lè rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ìrun márààrún kì í yẹ̀ ẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ló bọ́ fi we ọwọ́ Shukurat lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé e. Ìyàwó rẹ̀, Ràbíátù, ló máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá lọ́sàn-án, etí híjáàbù ló sì máa ń fi bo ẹnu bó bá ń kí ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtìjú ni.

Gbénró kì í kọ́ àwọn ọmọ lórin. Á jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn láàárín ìdérí, á sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ lọ́sẹ̀ yìí?" Ohun tí ọmọ bá sọ ni wọn á sọ di orin. Báyìí ni wọ́n ṣe rí orin ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ọmọ ilé ìwé, àti orin àwọn ayálégbé tó tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ láàárọ̀. Kò dùn púpọ̀. Shukurat mọ̀ pé kò dùn púpọ̀. Ariwo tó ń rẹ́rìn-ín ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ìsinmi kẹta, ó kan Fatimah.

"Eyín mi ti hù," ó wí, ó sì ya ẹnu kí gbogbo wọn rí i.

Kò sẹ́ni tí kò ṣe é rí nínú wọn. Bí eyín ọmọdé bá ká, ọmọ á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó pé iye ọdún rẹ̀, á ju òkúta àti eyín pọ̀ sórí òrùlé, kí tuntun lè hù. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí alángbá rí eyín náà. Bí alángbá bá fojú kàn án, ó parí: ihò yẹn yóò wà bẹ́ẹ̀ títí ayé.

"Ó yá, kọ ọ́ lórin," Gbénró wí.

Ọmọ náà dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò wo ẹnì kankan.

*Eyín méjì ló wà lórí òrùlé wa,*
*ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti màmá.*
*Òkúta méje ni mo jù mọ́ tèmi,*
*òkúta ọgbọ̀n ni mo jù mọ́ ti màmá.*
*Tèmi ti hù, ó ti ń jẹ gúgúrú,*
*ti màmá kò tíì hù.*
*Alángbá, má wò ó o,*
*alángbá, gbójú kúrò.*

Gbénró bú sẹ́rìn-ín. "Màmá ẹ náà ṣì ń pààrọ̀ eyín? Òkúta ọgbọ̀n! Ọmọ yìí máa pa mí. Fikáyọ̀, ṣé o gbà á sílẹ̀?"

"Mo gbà á."

Shukurat kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ mu omi, ó pe ọmọ náà sẹ́yìn ìlù.

"Fatimah, kí ló ká eyín màmá ẹ?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ilẹ̀kùn wo?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Àǹtí Shukurat, Dádì ní ká máa sọ pé ilẹ̀kùn ni."

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ti rí: ó mọ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Bó bá la ẹnu, yàrá ìdérí lọ, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé orin náà dára. Òun nìkan ló dára nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe, Shukurat kò sì fẹ́ kó sọnù. Ó padà jókòó, ó wá ìlù tó bá a mu: ìdérí méjì tó ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí òjò lórí páànù, àti ìlù ńlá lábẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì, bí ohun tó ṣubú ní yàrá kejì. Oṣù mẹ́ta ló fi ń tún un lù. Oṣù mẹ́ta náà ni Ràbíátù fi ń gbé oúnjẹ wá, tó ń bo ẹnu. Shukurat ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Nùréènì ní àgbàlá ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, kí gbogbo òbí wá. Orin mẹ́tàlá ni. Shukurat ṣírò ìṣẹ́jú rẹ̀ bí onílù. Mọ́ṣáláṣí wà ní òdìkejì títì. Bí Nùréènì bá lọ kí ìrun Alásàrí níbẹ̀, kì í padà kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó pé.

"Fi ti Fatimah ṣe ìkẹtàlá," ó sọ fún Fikáyọ̀, ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kó bọ́ sí àsìkò ìrun."

"Òun ló dùn jù! Ìkíní ló yẹ kó jẹ́."

"Ṣáà fi síbẹ̀."

"Kí lò ń fi pa mọ́?"

"Fikáyọ̀, mo ní kó o fi síbẹ̀."

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé sípíkà àti ìlù Shukurat sẹ́bàá òkìtì ìdérí. Ènìyàn bí ọgọ́ta jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ràbíátù wà níwájú, etí híjáàbù wà lẹ́nu rẹ̀. Orin aáyán pa àwọn òbí lẹ́rìn-ín. Orin ewúrẹ́ mú kí ìyá arúgbó kan dìde jó. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Nùréènì dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Orin kọkànlá ń lọ lọ́wọ́. Shukurat mí kanlẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kú.

"Pọ́lọ́ọ̀gì ni," Fikáyọ̀ wí, ó sì bẹ́ sídìí rẹ̀. Ó tú u, ó ha á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fa okùn. Kò jí. Ó tún tú u. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ fi jí, tí orin kejìlá sì parí, Nùréènì ti wà lẹ́nu géètì, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Ṣé wọ́n ti dé orí ọmọ mi? Àbí ó ti kọjá?"

Shukurat gbé ọwọ́ sókè kí Fikáyọ̀ lè rí i, kó fò ó. Ìgbà náà ló rí Fatimah. Ọmọ náà ti gun orí korobá kan, ó na ọrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń dúró de ohùn ara rẹ̀. Shukurat sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Orin náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín sí òkúta ọgbọ̀n. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí tí orin fi dé ibi tí ti màmá kò tíì hù, ni ẹ̀rín wọn bá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń pa iná yàrá. Wọ́n yí ojú sí Ràbíátù. Ràbíátù fa híjáàbù sókè dé ojú, ìyẹn ló sì tú àṣírí náà. Nùréènì ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n ń wò, ó wá gbọ́ orin náà.

Kò sáré. Ó rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó sì gbá a létí tó fi ṣubú pẹ̀lú korobá abẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ọ, àbí? Ìwọ lo kọ́ ọmọ lórin kó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé!"

"Mi ò kọ́ ọ o, Bàbá Fatimah, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín..."

Ó ta á nípàá níkùn. Ènìyàn ọgọ́ta ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù," láti orí ìjókòó. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Gbénró dúró nínú aṣọ òjò rẹ̀ bí ère. Sípíkà kò dákẹ́. Ohùn ọmọ náà ń bẹ alángbá kó gbójú kúrò.

Fatimah bẹ́ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. "Dádì, èmi ni mo kọ ọ́ fúnra mi! Èmi ni!"

Nùréènì yí padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, ó balẹ̀ sáàárín ìdérí. Nígbà tó fi jókòó, ẹnu rẹ̀ pupa.

Ọ̀pá irin tó gbé ìdérí ìlù dúró gùn tó apá àgbàlagbà. Shukurat fà á yọ. Ó kọ́kọ́ gbá Nùréènì ní eékún, kí ọkùnrin náà lè rẹlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ òun tó. Ìkejì bá èjìká. Ìkẹta bá ẹnu, ohun kan sì kán níbẹ̀ pẹ̀lú ìró tó mọ̀ dáadáa, ìró ìka nínú ẹ̀rọ. Nùréènì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́rin-mẹ́rin ni Shukurat ti ń ka ìlù láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó gbá ìkẹrin.

Ìgbà náà ni ọgọ́ta ènìyàn rántí pé àwọn ní ẹsẹ̀. Wọ́n bò ó. Ọkùnrin tó ní kí Ọ̀gá ṣe sùúrù ló fa híjáàbù rẹ̀ ya. Èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má dá sí i ló gun ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà, títí egungun fi dún. Ẹnì kan pariwo pé bí wọ́n bá rí eyín Ọ̀gá, tí wọ́n fi sínú mílíìkì, dókítà lè rì í padà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé wá a. Àwọn ọmọdé ń rákò láàárín ìdérí, Fatimah náà ń rákò. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Shukurat lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé iṣẹ́ ti lé e kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Ràbíátù wá láti sọ ti ẹnu rẹ̀ sínú ìwé lòdì sí i. Ojú rẹ̀ kan ṣì wú dí.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ó bi í láti òdìkejì irin. "Ṣé mo ké sí ẹ? Ẹni tó ń bọ́ wa wà nílé, kò lè la ẹnu. Ṣé ìlù lo máa fi bọ́ wa ni?"

"Ìyá Fatimah, ẹ má bínú. Mo ti mọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Ó yẹ kí n ti..."

"Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Mò ń rí ojú ẹ bí mo bá gbé oúnjẹ wá. O dákẹ́ dáadáa nígbà yẹn. Kí ló wá da ìdákẹ́ ẹ rú?"

Ràbíátù fọwọ́ sí ìwé, ó fi etí híjáàbù bo ẹnu, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ìyá tó bí Ràbíátù ló lọ gba Fatimah, tó sì mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìfàkò.

Gbénró ló wá gba béèlì Shukurat. Wọn kò tíì dé ìta tó fi sọ̀rọ̀.

"A máa yọ orin yẹn kúrò. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀ ti tó."

"Kì í ṣe tìẹ, tó o fi máa yọ ọ́."

"Tìẹ náà kọ́."

"Mo mọ̀," Shukurat wí, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìfàkò pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n di mọ́ pákó.

Ìyá àgbà náà ń fọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ dídì náà, ó wo ojú tó wú. "Ìwọ ni ọmọ tó lu àna mi?"

"Èmi ni, mà."

"Wọlé. Má lu ẹnikẹ́ni níbí o. Ẹ̀yìnkùlé ló wà."

Fatimah jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ fẹ́ǹsì. Ètè rẹ̀ ti ń san.

"Àǹtí Shukurat, wọ́n ní inú sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ń sùn."

"Mo ti jáde. Ohun kan ni mo wá bi ẹ́. Ṣé ká yọ orin ẹ kúrò nínú àwo?"

Ọmọ náà rò ó. "Ṣé Dádì gbọ́ ọ tán?"

"Ó gbọ́ ọ tán."

"Ẹ jẹ́ kó wà."

"Ìparí ni mo fi sí tẹ́lẹ̀. Màá ní kí wọ́n gbé e síwájú gbogbo wọn."

Fatimah mi orí. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá àgbà ń wò wọ́n, ó wá tú kókó kan ní etí aṣọ rẹ̀. Eyín àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ó tóbi, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà ní gbòǹgbò rẹ̀.

"Wọ́n ní kí gbogbo wa wá a," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo fi sẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, wọn ò wò ó."

Shukurat bẹ̀rẹ̀, ó wo eyín náà. "Ṣé o fẹ́ jù ú sórí òrùlé ni?"

Ọmọ náà tún wò ó, bí ìjọ́sí, bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Rárá o! Mo ti fi han alángbá mẹ́rin. Èyí tó wà lórí fẹ́ǹsì yẹn ló kù, ọwọ́ mi ò tó o."

Shukurat gbójú sókè. Alángbá náà wà níbẹ̀ nínú oòrùn, olórí pupa. Shukurat fi ọwọ́ kan tó kù fún un gbé ọmọ náà, ó rìn díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ ògiri kó má baà sá, ó sì dúró gbọnyin títí ọmọ náà fi na eyín náà sí i lójú.

"Wò ó," Fatimah wí. "Wò ó dáadáa."